Ìlú kékeré àti pápá bàálù: ta ni yóò máa roko rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ ÒǸKÀWÉ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú kékeré ni tiwa, lápá ọ̀nà Kétu sí Ìlárá, ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kùtọnù àti ní Faransé wálé ọdún, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ kí àwa náà ní pápá bàálù tiwa. Wọ́n ní aláìsàn á tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, irè oko á yára dé ọjà, àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Brazil á sì lè wá kí Alákétu, kí wọ́n wo Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, láìjìyà lójú ọ̀nà. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Baálẹ̀ ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ gbèrò wá. Ilẹ̀ tí wọ́n nàka sí, oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi wà níbẹ̀, igi tíìkì tí bàbá mi gbìn náà wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n ṣé ìlú bíi tiwa lè ru ẹrù yìí?

Ọmọ àgbẹ̀, agbègbè Kétu

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o kọ̀wé kí katakata tó wọ oko. Iṣẹ́ orí pápá ni mo ṣe ní pápá bàálù Cadjèhoun ní Kùtọnù kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Èrò mi rèé: ẹ má tíì kọ́ ọ.

Bàálù ni àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ń rí. Èmi, pápá ni mò ń rí. Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó balẹ̀ láàárọ̀, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ rin pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa fojú wá ilẹ̀. Òkúta tí kò tó ẹyin ẹyẹlé, bó bá ta sókè lu abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí, á ṣá a. Òkú eku kan ṣoṣo tó bá wà nílẹ̀ á pe àṣá, àṣá yẹn ló sì lè wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá jẹ́ kí koríko ga, ẹtù àti àparò á fi í ṣe ilé. Bí ẹ bá gé e kanlẹ̀, eku á hàn síta, àṣá á tún dé. Nítorí náà ẹ ó máa gé e sí ìwọ̀n kan náà ṣáá ni, ìwọ náà sì mọ bí koríko Kétu ṣe máa ń ṣe tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Aṣọ tó ń fi ojú afẹ́fẹ́ han awakọ̀ wà lórí òpó: oòrùn á sá a, ìjì á fà á ya, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán ni ẹ tẹ́, òjò á gbẹ́ ẹ ní kòtò láàárín òru. Bí bàálù kankan ò tilẹ̀ wá ní odindi oṣù kan, koríko ò ní dúró dè é. Èyí ni mo fẹ́ kí o béèrè ní ìpàdé: ta ni yóò máa san owó ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dún kẹwàá, nígbà tí àwọn tó mú ọ̀rọ̀ náà wá bá ti padà sí Faransé?

Ní ti ilẹ̀, wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ká ní pápá náà gùn ní mítà 1,000. Ìlànà àgbáyé ní kí ilẹ̀ títẹ́jú tún wà ní mítà 60 lẹ́yìn orí rẹ̀ méjèèjì, kí fífẹ̀ gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà 80. Hẹ́kítà mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn, ẹ ò sì tíì kọ́ yàrá kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ igi. Lójú ọ̀nà tí bàálù ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ga ní mítà kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí òpin ilẹ̀ títẹ́jú yẹn ní mítà 25. Igi tíìkì bàbá rẹ tó bá ga tó mítà 20, ó di mítà 500 kó tó lè dúró. Àwọn tí oko wọn kò tilẹ̀ kan pápá rárá ni wọ́n á wá bẹ̀ pé kí wọ́n gé igi wọn. Ẹ ò sì lè ní kí wọ́n yí pápá sápá ibòmíràn, torí afẹ́fẹ́ ló ń yan ojú tí pápá á kọ. Lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ní ọ̀pọ̀ oṣù, ọyẹ́ sì ń ti àríwá ìlà oòrùn wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ 06 àti 24, nọ́ńbà tó ń fi ojú tí pápá kọ hàn, sí orí méjèèjì pápá Cadjèhoun. Lásìkò ọyẹ́ gan-an, eruku lè bo gbogbo ojú ọ̀run, pápá kékeré tí kò ní ẹ̀rọ atọ́nà á sì di títìpa.

Irè oko ńkọ́? Bàálù tó lè lo irú pápá bẹ́ẹ̀, bíi Cessna Caravan, ẹrù rẹ̀ ò ju tọ́ọ̀nù kan sí ọ̀kan àbọ̀. Àpò àgbàdo oníkìlò 100, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló pọ̀ jù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo, bí gọ́tà ọ̀nà oko yín bá dára, á kó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tòmátì tó ń jẹrà mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́, inú ẹrẹ̀ láàárín oko àti títì ló ti ń jẹrà.

Èyí tó kàn mí jù ni ti aláìsàn, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni ìyà yẹn. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Obìnrin kan ń rọbí lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tí ìlú yín ń lọ, Pobè ló wà. Bàálù ò ní balẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀. Kùtọnù ni yóò gbé e lọ, tí bàálù bá tilẹ̀ wà nílẹ̀, tí awakọ̀ bá ń dúró, tí iná bá wà lórí pápá. Zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ni wọ́n ṣì máa fi gbé e dé pápá náà! Ọkọ̀ áńbúláǹsì kan tó ní epo nínú lóru, ọ̀nà tí kò já, àti ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ìyẹn ló ń gbà á là. Tó bá sì jẹ́ ojú ọ̀run lẹ fẹ́ lò dandan, ní Rwanda láti 2016 àti ní Ghana láti 2019 ni drone, bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ìgbèríko. Kò bèèrè pápá lọ́wọ́ ìlú tó ń gbé ẹrù lọ fún: ó ń fi agbòjò kékeré sọ ẹrù náà kalẹ̀ ni.

Àlejò láti Brazil, mi ò ní fi ìyẹn pẹ́. Kùtọnù sí Kétu ò ju kìlómítà 150 lọ. Ẹni tó ti fò kọjá òkun kò ní torí ìyẹn yí padà, á sì tún fẹ́ yà sí Àjàṣẹ́.

Ẹ wo ìlú Sàbẹ́ (Savè). Sàbẹ́ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà, ojú irin Kùtọnù sí Parakou gba ibẹ̀ kọjá, ó ní pápá bàálù tó ní àmì tirẹ̀, SVF, nínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú àgbáyé. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń lọ sí Sàbẹ́ láti Kùtọnù, orí títì ló ń gbà. Bí kò bá rọrùn fún Sàbẹ́, báwo ni yóò ṣe rọrùn fún yín?

Kò sí ẹni tó lè pè ọ́ ní ọ̀tá ìlọsíwájú nítorí èyí. Sọ fún wọn pé kí owó tí wọ́n fẹ́ dá lọ sí gọ́tà àti afárá kéékèèké ọ̀nà oko, kí wọ́n sì bá mẹ́rì sọ̀rọ̀ lórí áńbúláǹsì. Bí ilé iṣẹ́ kan tàbí ìjọba bá wá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ló máa tọ́jú pápá náà, pé bàálù á sì máa wá déédéé, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Mo máa wà lẹ́yìn yín nígbà náà.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sọ lọ́jà pé tí ìjọba bá fẹ́ ilẹ̀ fún irú nǹkan báyìí, a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá oníṣòwò, Idigny

ÌDÁHÙN

Rárá o, ìyá wa. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1990, abala 22, ní wọn ò lè gba ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi fún àǹfààní gbogbo ìlú, kí wọ́n sì ti kọ́kọ́ san ohun tó tọ́ fún un. “Kọ́kọ́” ni òfin wí, kì í ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé á pẹ́ kó tó rí owó gbà. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì mẹ́rì nípa attestation de détention coutumière, tí wọ́n ń pè ní ADC, ìwé tó ń jẹ́rìí pé tiyín ni ilẹ̀ náà nípa àṣà, kí ẹ sì gbà á lórúkọ ìdílé nísinsìnyí tí kò tíì sí ìjà. Ẹ ka igi tó wà lórí ilẹ̀ náà, ọ̀pẹ, tíìkì, ọsàn, lójú àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tiyín pààlà. Ẹ ya fọ́tò àwọn igi náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé tẹ̀ka sórí ìwé Faransé tí ẹnì kan kò tíì túmọ̀ fún un láti òkè dé ilẹ̀.