Mo ní kó pòórá, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi PyMOL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán mólékù, ṣe fídíò kékeré fún sẹ́mínà wa, lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Fáìlì 2HBS, àwòrán hemoglobin (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn) ti ẹni tó ní àrùn náà, ni mo lò. Mo fi àṣẹ create ya àwọn ẹ̀wọ̀n purotéènì mẹ́fà tí n kò nílò sọ́tọ̀, mo wá ń gbé cartoon_transparency wọn sókè láti 0 (tó hàn ketekete) dé 1 (tí kò hàn rárá) kí wọ́n lè pòórá díẹ̀díẹ̀. Kò sí èyí tó pòórá! Kí ni mo ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Create ló dá ọ lóró. Ẹ̀dà ni create ń ṣe. Èyí tí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ṣì jókòó sáyè rẹ̀. Ó dà bí ẹni wọ agbádá méjì léra: o bọ́ tòkè, tabẹ́ ṣì wà lọ́rùn. Extract ni kí o lò. Òun ló ń gé nǹkan kúrò lára èyí tí o ṣí sínú PyMOL gan-an.

Ṣùgbọ́n má tíì sáré. Hemoglobin méjì tó lẹ̀ mọ́ra ló wà nínú 2HBS, ẹ̀wọ̀n mẹ́rin mẹ́rin (álífà méjì, béta méjì), ó di mẹ́jọ. Lára ẹ̀wọ̀n béta ẹni tó ní àrùn yìí, valine ló jókòó sí ipò kẹfà tó yẹ kí glutamate wà (amino acid, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi sín ẹ̀wọ̀n, ni àwọn méjèèjì). Valine yẹn ló lọ ki orí bọ ihò kékeré kan lára béta ti hemoglobin kejì, níbi tí Phe85 àti Leu88 (phenylalanine ipò 85 àti leucine ipò 88) wà. Ibi tí o fẹ́ kí ojú àwọn òǹwòran bà lé nìyẹn.

Nígbà kan, mo ṣe irú fídíò yìí fún olùkọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere. Mo mú kí ẹ̀wọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé mo ti dárà. Bàbá kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè: “Èyí tó ṣẹ́kù yìí, ibo ló wà tẹ́lẹ̀ láàárín wọn?” Ẹnu mi wọhò. Láti ìgbà náà, ẹ̀wọ̀n mẹ́rin tó jìnnà nìkan ni mo ń lé dé 1. Álífà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ béta kọ̀ọ̀kan, 0.85 ni mo ń dá a dúró sí, kó rí bí èéfín. Nítorí náà, extract lẹ́ẹ̀mejì: pe ọ̀kan ní jinna, pe èkejì ní itosi.

Fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò) 90 tó, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta bí 30 bá ń kọjá láàárín àáyá kan: mset 1 x90. Jẹ́ kí 30 àkọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́ kí ojú lè mọ ilé. Láti 31 dé 75 ni kó máa ṣá. PyMOL kò ní fúnra rẹ̀ ṣírò ohun tó wà láàárín, o ní láti fi mdo, àṣẹ tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní fírémù kan, fún fírémù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: mdo 53: set cartoon_transparency, 0.51, jinna. Ìlà 45 ni fún jinna nìkan. Jẹ́ kí Python, èdè kọ̀ǹpútà, bá ọ kọ ọ́. Fi ti itosi kún ìlà kan náà, nítorí mdo tuntun á pa ti àtijọ́ rẹ́.

Ibi tí ènìyàn ti máa ń kọsẹ̀ ni heme, ègé kékeré tó ní irin nínú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan. Cartoon (àwòrán bíi rìbọ́ọ̀nù) kọ́ ni wọ́n fi ń yà á, stick (àwòrán bí igi tẹ́ẹ́rẹ́) ni. Tí o kò bá gbé stick_transparency sókè pẹ̀lú, ẹ̀wọ̀n á lọ, heme mẹ́rin á máa léfòó lójú òfuurufú bí iná mọ̀nàmọ́ná tí kò ní òpó. Ní fírémù 76, disable jinna, kó má fi òjìji sílẹ̀. Ní fírémù 1, enable rẹ̀, kí o sì dá iye gbogbo padà sí 0.

Tí o bá fẹ́ kó dán, set ray_trace_frames, 1, kí o tó pe mpng, àṣẹ tó ń tọ́jú fírémù sílẹ̀ bí àwòrán. Yóò pẹ́ o, iná á sì lọ, o mọ Ifẹ̀. Má bẹ̀rù: fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fírémù kọ̀ọ̀kan. Bó bá kú sí 57, mpng hb, 58, 90 ni kí o fi tẹ̀ síwájú. Ṣáà rántí kọ́kọ́ gba fírémù 1 kọjá, kí enable àti iye 0 tó wà níbẹ̀ lè ṣiṣẹ́.

Kí o tó dé sẹ́mínà, lọ fi 0.85 yẹn wò lára ògiri. Projector máa ń jẹ àwọ̀ fẹ́lẹ́, pàápàá tí ẹ̀yìn bá funfun. Bí kò bá hàn, mú un wá sí 0.7.