Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kí Ló Dé Tí Íntánẹ́ẹ̀tì Fi Ń Lọ Bí Mo Bá Ti Ki Wáyà Bọ Raspberry Pi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oníṣẹ́ sólà ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbé Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré) sí oko adìẹ oníbàárà mi kí ó lè máa ka iye iná tí inverter ń mú jáde, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ sí sáfà wa. Módẹ́ẹ̀mù USB tí símù wà nínú rẹ̀ ni ó fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà Ethernet ni ó sì fi ń bá inverter àti àwọn káàmérà sọ̀rọ̀, nípasẹ̀ ráútà àtijọ́ kan tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Bí mo bá yọ wáyà yìí, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá ki wáyà náà bọ inú rẹ̀ padà, kò sí ohun tí ó ń dé sáfà mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ṣì lè ping inverter (ìyẹn ni pé mo pè é, ó sì dáhùn). Èyí tí kò yé mi ni pé nígbà mìíràn tí iná bá lọ tí ó sì dé, gbogbo rẹ̀ á dára fúnra rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ símù, mo ti pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù. Mo tún fi WireGuard (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì) so Pi mọ́ ọ́fíìsì. Mo máa ń lè wọ inú Pi láti ọ̀hún nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ṣùgbọ́n káàmérà kò ṣí rí. Ohun tí "ip route" sọ nìyí:

default via 192.168.1.1 dev eth0 proto dhcp src 192.168.1.20 metric 100
default via 192.168.8.1 dev eth1 proto dhcp src 192.168.8.100 metric 101
192.168.1.0/24 dev eth0 proto kernel scope link src 192.168.1.20 metric 100
192.168.8.0/24 dev eth1 proto kernel scope link src 192.168.8.100 metric 101

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Símù kò ṣẹ̀, módẹ́ẹ̀mù náà kò sì ṣẹ̀. Inú ìlà méjì àkọ́kọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà, níbi tí "default" ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ yẹn ń sọ fún ẹ̀rọ pé bí páákẹ́ẹ̀tì (ìdì kékeré tí ọ̀rọ̀ fi ń rìn lórí néétíwọ̀kì) bá ń lọ sí àdírẹ́sì báyìí, ìsopọ̀ báyìí ni kí ó gbà jáde. "Default" ni ọ̀nà tí gbogbo àdírẹ́sì tí kò ní ìlà tirẹ̀ ń gbà, èyí tí ó túmọ̀ sí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì pátá. Pi yín ní irú ọ̀nà yìí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì já sí ráútà tí kò mọ ibì kankan.

Ọ̀nà tí kernel Linux (ọkàn ètò tí ń darí Pi) ń gbà yan ìlà kò ṣòro. Ìlà tí ó bá àdírẹ́sì náà mu jù lọ ni ó kọ́kọ́ ń wò: ìlà tí ó parí sí /24 ṣe pàtó ju èyí tí ó parí sí /16 lọ, "default", tí í ṣe 0.0.0.0/0, ni ó sì gbẹ́yìn gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí inverter nígbà gbogbo, nítorí pé 192.168.1.0/24 ní ìlà tirẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó ń bá a du ú. Ìgbà tí ìlà méjì bá ṣe pàtó bákan náà nìkan ni kernel ń wo metric, èyí tí iye rẹ̀ bá sì kéré ni ó ń mú. Nínú ọ̀ràn tiyín, 100 ti eth0 (wáyà) ló borí 101 ti eth1 (módẹ́ẹ̀mù).

Kò sí ibì kankan nínú ìlànà yìí tí kernel ti béèrè bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn 192.168.1.1. Ó dà bí awakọ̀ tí ó rí àmì "Ọ̀yọ́" lójú títì tí ó sì yà síbẹ̀, tí kò mọ̀ pé afárá ti já níwájú. Níwọ̀n ìgbà tí ráútà bá wà lórí iná, tí iná kékeré ẹnu wáyà sì ń ṣẹ́jú, ọ̀nà náà wà láàyè lójú Pi. Bí ẹ bá yọ wáyà, NetworkManager (ètò tí ń bójú tó ìsopọ̀ lórí Pi) á pa ìlà eth0 rẹ́, ọ̀nà módẹ́ẹ̀mù á ku òun nìkan, ohun gbogbo á sì padà bọ̀ sípò.

Ní ti èyí tí ó ń dára fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé, láti ẹ̀dà Bookworm tí ó jáde ní 2023 ni Raspberry Pi OS ti ń lo NetworkManager. Metric 100 ni ó máa ń fún Ethernet, 600 fún Wi-Fi, àti 700 fún módẹ́ẹ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ bá ń pe nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé módẹ́ẹ̀mù yín yóò gba 700, ṣùgbọ́n irú tí ó ní ráútà kékeré nínú ni tiyín, bí 192.168.8.1 ti fi hàn, irú rẹ̀ sì máa ń fara hàn fún Pi bí ẹni pé káàdì Ethernet ni òun. Ìyẹn ni ó fi ń jẹ́ eth1. Bí Ethernet bá di méjì, èyí tí ó kọ́kọ́ dìde á gba 100, èkejì á gba 101 kí wọ́n má baà forí gbárí. Nígbà tí iná bá dé, Pi, ráútà àti módẹ́ẹ̀mù ni ó jọ ń jí. Bí ráútà bá pẹ́ kí ó tó pín àdírẹ́sì, módẹ́ẹ̀mù á gba 100, íntánẹ́ẹ̀tì á sì ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí iná yóò tún lọ. Ohun tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìsáré irú èyí kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tuntun.

Kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ ọ̀nà tí ó ń gbà:

ip route get 8.8.8.8

Bí ó bá dáhùn pé "via 192.168.1.1 dev eth0", ẹjọ́ ti tán. Ẹ wá fi ipá mú un gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú "ping -I eth1 8.8.8.8", bí ìdáhùn bá wọlé, módẹ́ẹ̀mù àti símù ti gba ìdáláre nìyẹn. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ símù ni àwa oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, wọ́n sì jẹ̀bi lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n àṣẹ méjì yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ tún máa ka ohun tí ping kọ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó jọ ara wọn lójú wa níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ̀wé sí mi kì í sì í dá ìlà náà kọ. "Network is unreachable" túmọ̀ sí pé kò sí ìlà kankan nínú àkọsílẹ̀ tí ó bá àdírẹ́sì náà mu, páákẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ. "Destination Host Unreachable" tí ó wá láti àdírẹ́sì Pi gan-an, ìyẹn 192.168.1.20, ń sọ pé ọ̀nà wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí ó gba páákẹ́ẹ̀tì lórí wáyà yẹn kò dáhùn nígbà tí Pi pè é. Wáyà, ẹ̀rọ tí ó ti kú, tàbí àdírẹ́sì tí a kọ ní àkọtì ni kí ẹ yẹ̀ wò. "Destination Net Unreachable" tí ó wá láti 192.168.1.1 ń sọ pé ráútà gba páákẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n òun náà kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà, irú èyí ni mo sì retí pé ẹ óò rí, àyàfi bí ráútà yín bá jẹ́ èyí tí ń sọ páákẹ́ẹ̀tì nù láìfọhùn. Bí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé páákẹ́ẹ̀tì sọnù lọ́nà, ó sì lè jẹ́ pé ó dé ibi tí ó ń lọ ṣùgbọ́n èsì kò rí ọ̀nà padà. "Temporary failure in name resolution" kò kan ọ̀nà ní tààràtà: ẹni tí ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì ni Pi kò rí.

Láti dán àtúnṣe wò, ẹ lè pa ìlà tí ó ń dà yín láàmú rẹ́:

sudo ip route del default via 192.168.1.1 dev eth0

Bí ọ̀nà jíjìn ni ẹ ti ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ tẹ "sudo shutdown -r +5" kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀nà kankan. Bí ẹ bá ṣèèṣì ti ara yín mọ́ta, Pi á tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ìlà tí ẹ pa rẹ́ á sì padà; bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, "sudo shutdown -c" á fagi lé e. Ìrìn àjò lọ sí oko nítorí ìlà kan ṣoṣo kò dùn.

Ìparẹ́ yẹn kì í pẹ́, nítorí pé DHCP (ètò tí ráútà fi ń pín àdírẹ́sì) á tún mú ìlà náà wá. Àtúnṣe tí yóò dúró ni kí ẹ sọ fún NetworkManager pé eth0 kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì láé. Ẹ fi "nmcli connection show" wo orúkọ tí ó ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ "Wired connection 1", ẹ kọ:

sudo nmcli connection modify "Wired connection 1" connection.interface-name eth0 ipv4.never-default yes ipv4.ignore-auto-dns yes ipv6.never-default yes
sudo nmcli connection up "Wired connection 1"

Ẹ má ṣe fo ignore-auto-dns. Ráútà yẹn máa ń pín ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtúmọ̀ orúkọ, bẹ́ẹ̀ kò lè túmọ̀ orúkọ kankan, nítorí náà ẹ lè tún ọ̀nà ṣe tán kí 8.8.8.8 máa dáhùn, kí orúkọ sáfà yín sì máa kọ̀ síbẹ̀. Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kàn gbé metric eth0 sókè sí 800. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ níbí: lọ́jọ́ tí módẹ́ẹ̀mù bá kú, páákẹ́ẹ̀tì yín á tún máa wọ inú ráútà yẹn lọ parẹ́, ẹ kò sì ní rí àṣìṣe tí ó ṣe kedere. Fún ẹni tí ó ń lo OpenWrt (ètò tí a ṣe fún ráútà) dípò Raspberry Pi OS, "option defaultroute '0'" àti "option peerdns '0'" nínú /etc/config/network ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ káàmérà yàtọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ọ̀nà àlọ lè dára kí ọ̀nà àbọ̀ má sí. Ẹ kọ́kọ́ wo néétíwọ̀kì ọ́fíìsì. Bí òun náà bá jẹ́ 192.168.1.0/24, tí púpọ̀ nínú ráútà sì ń bá a wá láti ilé-iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á máa wá káàmérà nínú ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kò ní wo apá WireGuard rárá. Metric kò lè yanjú ìyẹn. Ẹ yí ti oko sí nǹkan mìíràn bí 192.168.57.0/24, kí ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì tuntun náà wà nínú AllowedIPs (àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì tí WireGuard ń gbé kọjá) ní ìhà ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ pé àdírẹ́sì WireGuard yín jẹ́ 10.10.0.0/24, tí ọ́fíìsì sì jẹ́ 10.10.0.2. Ẹ rí i pé "sysctl net.ipv4.ip_forward" dáhùn 1, nítorí bí ó bá jẹ́ 0, Pi kò ní gbé páákẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn kọjá. Kí ẹ wá tẹ "sudo tcpdump -ni eth0 host" pẹ̀lú àdírẹ́sì káàmérà kan, kí ó lè fi páákẹ́ẹ̀tì tí ó ń kọjá hàn yín, kí ẹnì kan sì gbìyànjú láti ṣí i láti ọ́fíìsì. Bí ẹ bá rí páákẹ́ẹ̀tì láti 10.10.0.2 tí ó ń lọ sí káàmérà láìsí èsì, káàmérà ti gbọ́ yín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ ẹni tí ń jẹ́ 10.10.0.2, ó wá gbé èsì fún ráútà àtijọ́ yẹn, ráútà sì sọ ọ́ nù. Ẹ lè kọ́ ráútà náà pé Pi ni ọ̀nà sí 10.10.0.0/24, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Pi fi àdírẹ́sì ara rẹ̀ bo ti ọ́fíìsì. Èkejì ni mo máa ń yàn ní ilé oníbàárà, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ bọ́tìnì reset ráútà nígbàkigbà. Nínú fáìlì WireGuard lórí Pi, lábẹ́ Interface, ẹ fi èyí sí i:

PostUp = iptables -t nat -A POSTROUTING -s 10.10.0.0/24 -o eth0 -j MASQUERADE
PostDown = iptables -t nat -D POSTROUTING -s 10.10.0.0/24 -o eth0 -j MASQUERADE

Bí iptables kò bá sí lórí Pi, apt á gbé e wọlé. Ní ìsàlẹ̀ fáìlì kan náà, lábẹ́ Peer, ó yẹ kí "PersistentKeepalive = 25" wà, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ símù ni ó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì àjọlò bí 100.64.0.0/10, tí ẹnikẹ́ni kò lè ti ìta kàn wọ́n. Pi ni ó gbọ́dọ̀ máa pe ọ́fíìsì.

Ó ku ohun kan tí yóò jọ ìṣòro ọ̀nà sí yín lẹ́yìn tí iná bá lọ, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Raspberry Pi 4 kò ní aago tí bátìrì ń gbé. Bí ó bá jí, àkókò tí ó fi pamọ́ kẹ́yìn ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, títí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fi sọ àkókò tòótọ́ fún un. WireGuard sì máa ń kọ ìkíni (ìpè tí ẹ̀rọ méjì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀) tí àkókò rẹ̀ kò bá ju ti ìkíni ìṣáájú lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ti àtijọ́ lò. Bí ọ̀nà Pi bá dára, tí 8.8.8.8 ń dáhùn, tí WireGuard sì kọ̀, ẹ tẹ "timedatectl" kí ẹ wo aago. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbéèrè aago gba inú WireGuard kọjá, nítorí aago á máa dúró de WireGuard, WireGuard náà á sì máa dúró de aago. Ní oko tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, mo máa ń fi aago DS3231 kékeré kan tí ó ní bátìrì sára Pi, kí n sì kọ "dtoverlay=i2c-rtc,ds3231" sínú /boot/firmware/config.txt.