Ṣé “ègé kékeré” ni finite element túmọ̀ sí?

Ẹnìkan béèrè bóyá “ègé kékeré” tọ̀nà fún finite element, ìyẹn ègé tí a ń gé nǹkan sí nínú ìṣirò kí kọ̀ǹpútà lè yanjú rẹ̀. “Ègé” dára gan-an. “Kékeré” ló ṣì wá lọ́nà. Ohun tó níye là ń pè ní finite. A máa ń sọ pé iyanrìn etí òkun kò níye. Òdìkejì ìyẹn gan-an nìyí. Bí ègé bá tó mílíọ̀nù kan, ó ṣì níye, kọ̀ǹpútà á kà á tán.

Ẹ mú pẹlẹbẹ irin kan, kí etí rẹ̀ kan wà nínú iná, kí ìkejì wà nínú omi, kí ẹ sì bo ojú rẹ̀ kí ooru má gba ibẹ̀ jáde. Tó bá yá, ooru rẹ̀ á dúró sójú kan. Ibi tó wà lára irin yìí kò níye, ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ní ooru tirẹ̀. Kí la máa ṣe? A ó gé e sí onígun mẹ́ta mẹ́ta nínú ìṣirò, a ó sì wá ooru igun wọn nìkan. Bí ooru igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ègé kan bá jẹ́ 30, 60 àti 90, a ó gbà pé ooru ń yí padà geere láàárín wọn. Àárín gbùngbùn rẹ̀ á jẹ́ 60.

Ṣùgbọ́n ègé kan kò dá igun ní. Igun rẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ náà ń lò, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀nà yìí bá ìdọ́gba elliptic (irú èyí tí ibì kan ti ń kan gbogbo ibi tó kù) mu tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìdọ́gba Laplace, tó jẹ́ ti irin wa yìí, bí ẹ bá fa òbìrìkìtì tí kò kọjá etí irin yí ibì kan ká, ooru ibẹ̀ ni ìwọ̀n àárín ooru gbogbo orí òbìrìkìtì náà. Bí ooru etí irin bá yí padà níbì kan, gbogbo inú irin ló máa gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yanjú gbogbo igun pa pọ̀.

Richard Courant, onímọ̀ ìṣirò, ti lo onígun mẹ́ta báyìí nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1943. Ray Clough, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti bá wọn ṣe irú ìṣirò yìí lórí ọkọ̀ òfuurufú, ló sọ ọ́ ní finite element ní 1960.

Ní ti “kékeré”, àwa la ń pinnu ibi tó yẹ. Níbi tí ooru bá ń lọ geere, bí a bá dín ẹ̀gbẹ́ ègé kù sí ìdajì, àṣìṣe ooru a máa já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Níbi tí igun irin bá wọ inú, bíi ti lẹ́tà L, kì í tètè dín bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń gé e wẹ́wẹ́. Níbòmíràn, ègé ńlá tó.