Ọ̀rọ̀ wà nínú fáìlì, àmọ́ sed ò rí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ “kọ̀ǹpútà” di “ẹ̀rọ ayárabíàṣá” nínú fáìlì ìtumọ̀ yín, sed, àṣẹ Linux tó ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn nínú fáìlì, yí àwọn kan padà, ó fo àwọn kan, kò sì fọhùn. Àṣẹ tí ẹ kọ kò lábùkù. Inú fáìlì gan-an ni kí ẹ wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ̀. Òmíràn á mú ọ odidi, U+1ECD (nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà náà), á fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á kọ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i, kó tó kan àmì ohùn. Ẹ̀kẹta á kọ ò ná, àmì ìsàlẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Sed kì í wo ojú lẹ́tà, nọ́ńbà inú rẹ̀ ló ń wò. Ẹ fi hexdump wo nọ́ńbà inú ìlà tí sed fò, ká ní ìlà 40 nínú yo.po, fáìlì ìtumọ̀ yín:

sed -n '40p' yo.po | hexdump -C

e1 bb 8d ni ọ odidi; 6f cc a3 ni èyí tí wọ́n tò pọ̀.

Èyí tó ń gbà mí ni uconv, irinṣẹ́ tó ń sọ ọ̀nà ìkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC. Lórí Ubuntu, inú icu-devtools ló wà:

uconv -f utf-8 -t utf-8 -x any-nfc yo.po > yo2.po

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ kan náà sí apá méjèèjì: shell á ti sọ fáìlì yẹn di òfìfo kí uconv tó kà á. Ẹ kọ àṣẹ ìyípadà náà, s|kọ̀ǹpútà|ẹ̀rọ ayárabíàṣá|g, sínú fáìlì tirẹ̀, ayipada.sed, kí ẹ fi uconv sọ òun náà di ayipada2.sed, torí kíbọ́ọ̀dù yín náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà:

sed -i.bak -f ayipada2.sed yo2.po

Àwọn ìwé tí wọ́n fi ìlà òòró, U+0329, ṣe àmì ìsàlẹ̀ ni uconv kì í fọwọ́ kàn. Ẹ kọ́kọ́ fi sed ti GNU tún wọn ṣe, kí ẹ wá fi yo1.po dípò yo.po nínú àṣẹ uconv:

LC_ALL=C sed 's/\xcc\xa9/\xcc\xa3/g' yo.po > yo1.po

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ gbogbo àmì kúrò kí àwárí lè rọrùn. Ẹ dákun, ẹ má gbà. Bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bá ti di “oko” tán, kò sí àṣẹ tó máa yà wọ́n padà.

Kí ẹ tó pa .bak, ẹ̀dà àtijọ́ tí sed fi pamọ́, rẹ́, ẹ fi diff yo2.po.bak yo2.po yẹ gbogbo ìlà tó yí padà wò.