Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Iná ọ́ìlì ń tàn ní kọ́nà, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Iléṣà ni mo ń gbé. Mo ní Honda tọ́kunbọ̀ kan tí mo ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kí ó lè sáré dáadáa, ó sì ń dé ìyípo 7,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá fi eré gba àwọn kọ́nà ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, iná ọ́ìlì máa ń tàn fírí, yóò sì kú bí mo bá ti bọ́ sí ojú ọ̀nà tó gún. Ọ́ìlì dé àmì lára ọ̀pá géèjì. Mẹkáníìkì mi ní kí n fi lítà kan lé e. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tí ẹ ń rí yẹn kì í tàn nígbà tí pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, ìyẹn ipá tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dínkù. Ìgbà tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ló tó máa ń tàn, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí bíárìn ẹsẹ̀ kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkí, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ti máa fi irin gbo irin kí ojú yín tó rí i. Ọ̀nà Àkúrẹ́ náà kò sì yẹ fún irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tírélà tó máa ń yọ lójijì ní kọ́nà. Mo ní láti sọ ìyẹn kí n tó bá ọ̀rọ̀ ọ́ìlì lọ.

Nínú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo irin tó gba ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹnu páìpù kan tó ní asẹ́ ni pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá yà, ọ́ìlì kì í bá a yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ó ń rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí omi inú korobá tí a gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ipá tó ń ti nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà bá dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀, ojú ọ́ìlì yóò dàgẹ̀rẹ̀ ní digirí 45. Táyà tí a ń lò nígboro kì í sábà gbé ọkọ̀ débẹ̀, ṣùgbọ́n bí kọ́nà bá gùn, kò dìgbà tó bá tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnu asẹ́ tó ṣí sílẹ̀, kí pọ́ǹpù sì máa fa afẹ́fẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí ni ìjì tó ń jà nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní windage. Ní ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kíráńkí ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ọ́ìlì tó ń jò láti ara bíárìn àti èyí tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè ń bọ́ sọ́nà irin tó ń sáré yìí, irin náà sì ń gbá a bí ìjábẹ̀ ṣe ń ja ewédú. Apá kan ń lọ́ mọ́ kíráńkí lára bí okùn, ó sì ń jẹ nínú agbára tó yẹ kó dé táyà. Apá kejì ń hó. Ẹni tó bá ti ra ẹmu rí mọ̀ pé akèrègbè tó kún fún ìfófòó kò tíì kún fún ẹmu. Pọ́ǹpù kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ sì máa ń fún pọ̀ bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò lè ya kíráńkí kúrò lára bíárìn bí ojúlówó ọ́ìlì ṣe ń yà á.

Lítà kan tí wọ́n ní kí ẹ fi lé e yóò gbé ojú ọ́ìlì sún mọ́ kíráńkí, ìjì náà yóò sì rí púpọ̀ sí i gbá. Òótọ́ ni pé àwọn kan tó ń sáré ìdíje máa ń kọjá àmì díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti wọn jíjìn sọ́ǹpù wọn, wọ́n sì mọ ibi tí kíráńkí ń dé.

Ẹ kọ́kọ́ so géèjì pírẹ́ṣọ̀ alábẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pírẹ́ṣọ̀ tó tó nǹkan bíi psi 10 fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọ́ìlì bá ti gbóná. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jìnnà sí èyí lójú ọ̀nà tó gún, pọ́ǹpù tàbí bíárìn ló ti jẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́nà. Bí ó bá dára níbẹ̀ tó sì ń já wálẹ̀ ní kọ́nà nìkan, ẹ tú sọ́ǹpù. Ẹ wò ó bóyá òkúta tàbí kòtò ti tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé, nítorí mo ti rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu asẹ́ pa. Àlàfo mìlímítà 6 sí 10 ló yẹ kó wà láàárín asẹ́ àti ilẹ̀ sọ́ǹpù. Ẹ wo rọ́bà oríkèé páìpù náà bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ jó ògiri kéékèèké yí asẹ́ ká, pẹ̀lú ilẹ̀kùn pélébé tó ń ṣí sínú nìkan, kí ọ́ìlì lè wọlé láìlè sá jáde. Èyí gan-an ni oògùn kọ́nà. Ní ti ìjì, páálí irin oníhò ni a ń dè sáàárín kíráńkí àti ojú ọ́ìlì, kí ẹ̀kán ọ́ìlì lè gba inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láìsí pé kíráńkí tún rí i gbá. Kí àlàfo rẹ̀ má dín ní mìlímítà 3, nítorí irin ń fẹ̀, kọ́nrọ́ọ̀dù sì ń nà lórí eré. Kí ẹ tó dí sọ́ǹpù, ẹ fọwọ́ yí kíráńkí ní ìyípo méjì kíkún, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ bóyá ohunkóhun ń kan ara wọn. Sọ́ǹpù tí ọkọ̀ ìdíje ń lò, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé nínú táǹkì lọ́tọ̀, bíi ti Porsche 911 àtijọ́, ti kọjá ohun tí ẹ nílò.

Ẹ má gbàgbé ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà láti òkè sínú sọ́ǹpù. Bí ẹrẹ̀ ọ́ìlì bá dí àwọn ihò tó wà ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà, tàbí tí ríìngì písítìn bá ti jẹ tí èéfín ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ọ́ìlì yóò há sókè, sọ́ǹpù yóò sì gbẹ bó ti wù kí ẹ rọ ọ́ tó. Páìpù tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí náà gbọ́dọ̀ mọ́.

Níwọ̀n bí iná náà ti tàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gé fítà ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì na bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ègé irin tó ń dán tàbí tó pọ́n bíi bàbà, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́ títí a ó fi ṣí àwọn bíárìn wò.