Bí a ṣe ń kun sìkátìn láì ta ọ̀dà sí rọ́ọ̀gì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rọ́ọ̀gì tó wà ní yàrá wa ní Ìbàrà níbí gba gbogbo ilẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Sìkátìn onípákó tó yí ẹsẹ̀ ògiri ká ti pọ́n. Pẹ́ńtà kan fi ẹ̀múlúṣàn kùn ún lọ́dún tó kọjá, ó ti ń bó báyìí, ó sì tún ta sí etí rọ́ọ̀gì. Ṣé dandan ni ká ká rọ́ọ̀gì kúrò? Ọ̀dà wo la máa rà, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, kí ẹ fa etí rọ́ọ̀gì náà sókè díẹ̀. Bó bá gbéra wẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ ra tépù tí wọ́n fi ń bo etí rọ́ọ̀gì rárá. Ẹ ká a sẹ́yìn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì ilé wa, orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n kàn tẹ́ ẹ sí. Èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fẹ́ ọgbọ́n. Ẹ má fa ìyẹn tipátipá, torí bí abẹ́ rẹ̀ bá ti ya, kò ní jókòó dáadáa mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀dà yín máa bó ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n kun ẹ̀múlúṣàn, tó jẹ́ ọ̀dà olómi, lé gúlọ́ọ̀sì àtijọ́, ìyẹn ọ̀dà elépo tó ń dán, láì fi sáńpépà ha á. Ojú gúlọ́ọ̀sì ń yọ̀, ẹ̀múlúṣàn kì í rí ibi dì mú lórí rẹ̀. Ẹ rẹ òwú sínú spírìtì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí ẹ fi nu ojú kan. Bí ọ̀dà bá rọ̀, tó sì bá òwú wá, olómi ni. Bí kò bá mira, elépo ni. Gbogbo èyí tó ti ń gbé sókè, ẹ fi sikirépà họ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà 120 ha pákó náà, kí ẹ fi 180 parí rẹ̀, títí tí dídán rẹ̀ á fi kú. Tí ilé bá ti pẹ́, òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́: ẹ lo sáńpépà olómi, ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí. Ẹ fi ìka kan pákó náà kó-kó-kó bí ẹ ti ń lọ. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó ṣeé ṣe kí ikán ti wà lẹ́yìn rẹ̀, káfíńtà ló sì kàn níbẹ̀.

Gúlọ́ọ̀sì ni kí ẹ rà. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ẹ bá yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, sìkátìn ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 45 lọ. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 4, tíìnì lítà kan á kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, á sì ṣẹ́kù dáadáa. Pẹ́ńtà tó bá ní kí ẹ ra gálọ́ọ̀nù, yàrá ẹlòmíì ló fẹ́ fi kùn. Ibi tí pákó bá ti hàn síta ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí.

Etí rọ́ọ̀gì gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ gbá a mọ́ tónítóní kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí tépù kì í lẹ̀ mọ́ eruku. Ẹ lo tépù ọlọ́dà tó fẹ̀ tó íǹṣì 2. Ẹ tẹ́ ẹ sórí rọ́ọ̀gì kí etí rẹ̀ kan sìkátìn, kí ẹ wá fi ẹnu sikirépà ti etí tépù náà wọ inú àlàfo tó wà láàárín rọ́ọ̀gì àti pákó. Bó bá ṣe ń wọlé, á máa tẹ irun rọ́ọ̀gì lórí ba, á sì jẹ́ kí nǹkan bí mìlímítà 2 ìsàlẹ̀ pákó yọ síta. Ẹ máa ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì. Tí ẹ bá na gbogbo tépù lẹ́ẹ̀kan, á wọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì íǹṣì kan àtààbọ̀ tó. Ìdá kan nínú mẹ́ta irun rẹ̀ ni kí ó wọ inú ọ̀dà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè sìkátìn, ẹ wá sí àárín, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀dà ti fẹ́ẹ̀ tán lára búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ pa fáànù. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń gbé fọ́nrán rọ́ọ̀gì lọ lẹ̀ mọ́ gúlọ́ọ̀sì tútù, bí ó bá sì ti gbẹ, àfi kí ẹ tún ha á. Nígbà ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí títì, kí ẹ ṣí èyí tó wà lódìkejì kí òórùn ọ̀dà lè jáde.

Ẹ fi gúlọ́ọ̀sì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà òjò, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tètè ṣí tépù, torí irun rọ́ọ̀gì á ta padà, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ má sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á kù sára rọ́ọ̀gì. Bí ìkùn kejì bá ti gbẹ, ẹ fi abẹ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín tépù àti pákó, kí ọ̀dà má baà ya tẹ̀lé e, kí ẹ tó máa fà á díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ̀kán kan bá já sórí rọ́ọ̀gì, ẹ má nù ún, ṣe ló máa tàn. Ẹ fi ṣíbí kó o láti etí wá sí àárín, kí ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ ta tínà díẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán tínà náà wò ní kọ̀rọ̀ tí ojú kì í tó, torí ó máa ń ba rọ́ọ̀gì mìíràn jẹ́, bí ó bá sì pọ̀, ó lè tú lẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá tó ti gbẹ yẹn ní tirẹ̀, abẹ ni kí ẹ fi gé ṣóńṣó irun tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀dà kì í sábà wọlé ju ibẹ̀ lọ.