Ẹ̀rọ tó ní òun mọ àpàlà yàtọ̀ sí sákárà: ṣé kí n sanwó fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù orin ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo ti da kásẹ́ẹ̀tì àti àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, fáìlì rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ṣùgbọ́n kò létò rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Under-G ní òun ní AI tó lè gbọ́ orin, kó sì pín in sí àpàlà, sákárà, fújì, jùjú, wákà àti ìjálá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó ní ó ń gba 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tó ń bèèrè kò kéré. Ṣé kí n san án? Ṣé fóònù mi lè gbé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ fóònù kọ́ ló kàn báyìí.

Ti pé "fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ", irọ́ ni, tàbí kí ọmọ náà má mọ ohun tó ń tà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dà pọ̀. Èkíní, ẹ lè kó orin fún ẹ̀rọ láìdárúkọ ohunkóhun, kó ṣa àwọn tó jọra jọ. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù, k-means, ẹ̀yin lẹ ó tilẹ̀ sọ iye òkìtì tẹ́ ẹ fẹ́ fún un. Tó bá ṣà wọ́n tán, òkìtì kìíní, òkìtì kejì, ibi tó mọ nìyẹn. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ àpàlà. Ó sì lè kó gbogbo orin orí kásẹ́ẹ̀tì síbì kan, ti orí àwo síbì kan, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo síbòmíràn, kó ní òun ti ṣiṣẹ́ tán. Èkejì ni pé kí èèyàn fi orin tó ti lórúkọ kọ́ ẹ̀rọ, "àpàlà nìyí, wákà nìyí", títí yóò fi lè fún orin tí kò gbọ́ rí lórúkọ. Èyí lẹ nílò, kò sì lè ṣe é láìsí olùkọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni 97 yẹn. Irú rẹ̀ ti ń pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí mò ń gbà. Oníbàárà á rò pé bí òun bá kó ọgọ́rùn-ún orin fún ẹ̀rọ, mẹ́ta péré ni yóò ṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé: orin ta ni ẹ fi dán an wò?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gé orin sí ègé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú kan kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò di ọgọ́ta ègé. Wọ́n á da gbogbo ègé pọ̀, wọ́n á fi èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á fi ìyókù dán an wò. Nínú ọgọ́ta yẹn, bíi 48 lè bọ́ sínú ẹ̀kọ́, kí 12 bọ́ sínú ìdánwò. Akọrin kan náà, onílù kan náà, ariwo téèpù kan náà. Olùkọ́ tó fi ìbéèrè tó ti dáhùn sójú pátákó ṣe ìdánwò ló ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn: gbogbo kíláàsì ni yóò yege. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ẹ̀rọ mọ̀, kò mọ sákárà.

Ẹ wo ìjálá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti Ògúndáre Fọ́nyánmu ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́ ohùn bàbá yẹn nìkan lábẹ́ orúkọ ìjálá, ohùn Fọ́nyánmu ni yóò máa pè ní ìjálá. Ẹ gbé onìjálá mìíràn fún un, ó lè ní wákà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni sákárà: bó bá jẹ́ Yusuf Ọlátúnjí nìkan lẹ fi kọ́ ọ, kí ló fẹ́ sọ nígbà tó bá gbọ́ Lefty Salami?

Àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun náà kó sínú ọ̀fìn yìí. Àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní GTZAN, tó wá láti inú iṣẹ́ tí George Tzanetakis àti Perry Cook tẹ̀ jáde ní 2002: ègé orin 1,000, irú orin mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ègé fún irú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi ṣe ìwádìí káàkiri ayé. Nígbà tí olùwádìí kan, Bob Sturm, jókòó tú u wò, ó bá ègé tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá èyí tí orúkọ tí wọ́n fún un kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ó sì rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ègé régè tó jẹ́ ti Bob Marley nìkan. Kò sí àpàlà níbẹ̀, kò sí fújì. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, kóòdù tí wọ́n sì kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé ka orí orin wa.

Ẹ pe ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó ṣe é lójú yín. Ẹ mú àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá kan. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti balẹ̀, kí agídìgbo tó dún, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ju ṣààà àti ta, ta, ta ti àwo tó ti họ. Ẹ gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta níbẹ̀, kẹ́ ẹ tò ó tẹ̀ léra títí yóò fi pé ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ ṣe é fún àwo bíi mẹ́wàá, nítorí ẹ̀rọ tí wọn kò kọ́ láti sọ pé "n kò mọ̀" gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì lè ṣèèṣì bá a lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń pe àpàlà ní àpàlà nígbà tẹ́nikẹ́ni kò tíì kọrin, àwo tó họ ló ń dá mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù gba ẹni tó ń kọ àpàlà lónìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo orúkọ tí yóò fún un.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀rọ ń sọ ìró di nọ́ńbà ni. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń lò púpọ̀ ni MFCC, nọ́ńbà 13 tàbí 20 fún bíńtín ìró kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ bí ìró ṣe kì tàbí bó ṣe tín-ínrín. Ariwo téèpù máa ń hàn nínú rẹ̀ kedere. Òmíràn ni chroma, tó ń to gbogbo ohùn sórí ohùn méjìlá ti dùùrù. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ìyáàlù dùndún rí: bí onílù bá ti ń fún ọṣán, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àárín méjì lọ̀rọ̀ wà. Chroma á fipá gbé e sórí ọ̀kan nínú méjìlá, ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ á sì dànù. Fún jùjú onígìtá, ó lè ṣe díẹ̀. Fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀, kò tó.

Èmi kò rí iṣẹ́ ọmọ yìí, ẹ má sì lọ sọ pé mo pè é ní olè. Ó ṣeé ṣe kó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kó tún ìdánwò rẹ̀ ṣe: akọrin tó bá wà nínú ẹ̀kọ́, kí orin rẹ̀ kankan má sí nínú ìdánwò. Kó fi èsì irú orin kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí fújì púpọ̀ lè bo ìjálá díẹ̀ tí ó ń ṣì mọ́lẹ̀. Iye náà yóò wálẹ̀. Bó bá di 70, ẹ má bínú sí i, 70 tó jẹ́ òótọ́ wúlò fún yín ju 97 yẹn lọ: ẹ̀rọ á dábàá, ẹ̀yin á gbọ́, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Fújì fúnra rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wéré, sákárà àti àpàlà, nítorí náà àwọn orin kan wà tí àgbà méjì yóò jiyàn lé lórí. Ẹ má retí kí ẹ̀rọ parí ìjà yẹn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, orúkọ akọrin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan, láti ara páálí kásẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ akọrin bá ti wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún ti parí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó gbé orin yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin, Copyright Act 2022, wà, orin àtijọ́ sì ní olóhun. Ẹ bi ẹni tó mọ òfin. Ẹ̀dà fáìlì ni kẹ́ ẹ fún un, kó ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ojúlówó wà ní ìpamọ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé.